Ibi Tí Wọn Kì Í Túmọ̀ Orúkọ Alààyè

Ẹ̀yin ará Òkè-Ṣọpẹ́n, láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé, "Tísà, báwo ni ọ̀hún ti rí?" Ẹ̀rín ni mo fi ń dá yín lóhùn. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀. Mo ti dàgbà ju ẹni tí yóò máa pa irọ́ ìrìn-àjò kiri, mi ò sì tíì dàgbà ju ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò fẹ̀yìn tì. Láti Ìlápòrú dé Màmu, títí wọ Àgọ́-Ìwòyè níbi táwọn ọmọ yunifásítì pọ̀ sí, bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ inú Bíbélì, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kí n wá sọ ohun tí orúkọ náà jẹ́ ní èdè Hébérù. Bí wọ́n bá ní Dèbórà, màá ní, "Kòkòrò oyin ni. Ẹ̀yin òbí, ẹ múra, oyin dùn lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń ta ni." Ilé á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ní Náómì, màá ní adùn ni. Rákẹ́lì, abo àgùntàn. Jékọ́bù, ẹni tó di ẹlòmíràn ní gìgísẹ̀ mú, màá sì wo bàbá ọmọ náà lójú dáadáa. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ní agbègbè wa, wọn á wo ilé tán, wọn á tún wo ẹnu mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Ohun tó gbé mi dé etí omi ni àbúrò mi, Fọlákẹ́, àbígbẹ̀yìn ìyá wa. Ẹ rántí pé ará Wọ́tásáìdì lẹ́bàá ọ̀sà ló fẹ́, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jótámù, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Fọlákẹ́ fi wojú Olúwa. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nígbà tí èyí tó kẹ́yìn sì bàjẹ́, ó dákẹ́ débi pé mo ń bẹ̀rù láti gbé fóònù sílẹ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí, oyún dúró. Oṣù ìbí ti pé. Ìyá wa kò sí mọ́, èmi ni ìyá. Bí ọmọ yìí bá tún bọ́, mo mọ̀ pé àbúrò mi náà bọ́ lọ nìyẹn. Nítorí náà ni mo ṣe di ẹrù mi.

Kí n tó kúrò nílé, ó pè mí. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ má kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."

Mo bínú. Mo ní ṣé ó ti wá di pé èmi ni wọ́n á máa kọ́ bí a ṣe ń ṣe àlejò? Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní báwo ló ṣe wá rí? Ó ní tí mo bá dé òun á ṣàlàyé. Ohun tí kò sọ lọ́jọ́ yẹn ni mo kó sí.

Ojú omi

Ilẹ̀ pupa wa níhìn-ín parí, ilẹ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀. Igi kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ parí, ọ̀pẹ ràfíà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ parí, ó sì ku omi. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò àti ọkọ̀ da yín láàmù. Ẹ ṣáà mọ̀ pé òwúrọ̀ ni, ìrì funfun bo ojú ọ̀sà, mo jókòó sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì pẹ̀lú àpò gaàrí Ìjẹ̀bú tí mo gbé fún ọlọ́mọ, mo sì ń kọ orin ìjọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nítorí pé mi ò mọ omi í wẹ̀.

Nígbà tí a ń sún mọ́ abúlé náà (mi ò ní dárúkọ rẹ̀), mo rí àwọn pákó kéékèèké tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ létí omi, láàárín koríko. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbẹ́ sí wọn lára. Èyí tí mo kọ́kọ́ kà ni OYIN. Inú mi dùn. Mo bi ẹni tó ń wa ọkọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló ni ìgò oyin kan níbí?"

 Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó mú àjẹ̀, ó sì rọra wà wá kọjá níwájú àwọn pákó náà bí ìyá ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Mo ka òmíràn: ADÙN. Mo ka òmíràn: ABO ÀGÙNTÀN. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ó dára, wọ́n ń sin ẹran pẹ̀lú. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi pe ara mi ní ẹni tó mọ orúkọ, mo ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò mọ ohun tí mo ń kà.

Ìwà wọn àti oúnjẹ wọn

Kí n sọ òtítọ́, mi ò tíì rí àwọn èèyàn tó mọ àlejò í ṣe tó wọn. Orí òpó igi ni ilé wọn wà, omi ń kọjá lábẹ́ ibùsùn yín. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kí yín, yóò kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ yín mú, yóò sì dúró títí ẹ ó fi pe orúkọ náà padà fún un. Tọmọdé tàgbà wọn ló ń ṣe é. Orúkọ inú Bíbélì ni gbogbo wọn ń jẹ́, kì í sì í ṣe àwọn tó wọ́pọ̀ láàárín wa nìkan. Mo gbọ́ orúkọ tí mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tún ń jẹ́ láyé yìí. Ahọ́n mi ń yún mi. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára alágbẹ̀dẹ tó bá rí irin tó pọ́n.

Mo rántí ohun tí Fọlákẹ́ sọ, mo sì gbìyànjú. Mo gbìyànjú títí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá.

Púpurú ni, òkèlè ẹ̀gẹ́ wọn, pẹ̀lú ọbẹ̀ màrúgbó tó dúdú, ẹja tútù kún inú rẹ̀. Èmi ọmọ ìkọ́kọrẹ́, mo kọ́kọ́ fojú di í. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá Jótámù, ìyá ọkọ àbúrò mi, jókòó tì mí, ó ń yọ egungun ẹja fún mi bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni mí. Àwọn obìnrin ilé pọ̀ yí wa ká, wọ́n ń fi Ìjẹ̀bú mi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ń fi tiwọn ṣe. Fọlákẹ́ jókòó ní iwájú mi, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ara rẹ̀ ń dán, ó ń jẹun. Inú mi dùn débi pé omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ní ata ni.

Ìyá Jótámù bá nawọ́ àwo ẹja sí i, ó ní, "Jẹ̀mímà, gbà, fi kún un."

Àbúrò mi dáhùn, ó gba àwo náà.

Mo ní, "Ta ní ń jẹ́ Jẹ̀mímà?"

Obìnrin kan ní, "Ìyàwó wa ni. A fún un nígbà tó wọlé wá. Bí a ti ń ṣe fún gbogbo ìyàwó nìyẹn."

Mo rí ojú Fọlákẹ́. Mo rí i tó ń mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí i, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti là. Mo pàtẹ́wọ́, mo ní, "Jẹ̀mímà! Ẹ ò rí i pé ó bá a mu! Àdàbà ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hébérù. Àdàbà!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ omi lábẹ́ ilé. Ìyá Jótámù tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé itan. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tú tirẹ̀. Ó lọ bẹ́ẹ̀ yípo, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, títí gbogbo orí fi wà ní ìhòòhò. Lẹ́yìn náà, Ìyá Jótámù, àgbàlagbà tó ju mí lọ, kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Tísà, ẹ kú aráfẹ́rakù. Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọlọ́run yóò rọ́pò rẹ̀ fún yín."

Àbúrò mi wà níwájú mi. Ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn pákó

Inú yàrá ló ti ṣàlàyé fún mi, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fi ọwọ́ pa ikùn.

Ó ní ajíhìnrere tó tẹ abúlé náà dó, tó ti di ẹni ilẹ̀ tipẹ́, gbọ́ èdè Hébérù bíi tèmi. Òun ló fún gbogbo wọn lórúkọ, ó sì fi ìtumọ̀ pa mọ́. Ó ní orúkọ ni Ọlọ́run fi ń pe èèyàn láyé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni yóò fi pè é sílé. Nítorí náà, olórí ìjọ nìkan ló ń mọ àwọn ìtumọ̀ náà, láti ẹnu dé ẹnu, kì í sì í sọ ọ́ bí kò ṣe sí etí òkú, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ́ ẹ sí ibojì. Ìtumọ̀ náà ni wọ́n ń gbẹ́ sórí pákó tí wọ́n ń rì sí orí sàréè. Wọn kì í kọ orúkọ.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ti sọ tèmi."

Mo ní ìsọkúsọ ni. Mo ní àgbà ajíhìnrere wọn ló da ìjọ rú bẹ́ẹ̀, mo ní kò sí ibì kankan nínú Ìwé Mímọ́ tí a ti kà á. Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rere. Nígbà tí mo parí, ó ní òun mọ̀, òun náà ti wí bẹ́ẹ̀ fún ara òun rí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi, ọmọ kò tíì mira nínú òun.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Mo jáde kí n lọ gba atẹ́gùn.

Kò sẹ́ni tó bá mi jà. Ìbá sàn kí wọ́n bá mi jà. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ń dárúkọ ara rẹ̀, ń dì mí lọ́wọ́ mú, ń bá mi kẹ́dùn. Àwọn ọkùnrin ń bọ́ fìlà. Ọmọdébìnrin kan gbé omi wá fún mi, ó ní ìyá òun ní kí n mu ún kí àárẹ̀ ẹkún má baà mú mi. Àdàbà kan ń ké lórí páànù ilé Jótámù, àwọn obìnrin sì dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò tí wọ́n ti ń retí. Àdàbà ń ké níbi gbogbo, ó ń ké ní Ìjẹ̀bú-Igbó níhìn-ín. Mo fi òkúta lé e lọ. Ó padà wá.

Mo bá Jótámù ní ibi tó ti ń kan ọkọ̀. Ó ń fá pákó kan, kékeré, kò gùn ju apá lọ. Ó ń fá a, omijé sì ń kán sórí rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kúrò kí igi má baà tutù. Ìgbà náà ni mo tó so ó pọ̀ mọ́ àwọn pákó tí mo ti kà létí omi: sàréè ni wọ́n. 

Mo ní, "Jótámù, aya rẹ wà láàyè! Gbé e sínú ọkọ̀ kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lódìkejì."

Ó ní, "Mà, ta ni yóò wà wá? Kò sí ọlọ́kọ̀ tí yóò gbé e, àfi dé ibi àwọn pákó."

"Ìwọ ńkọ́? O kò ní ọkọ̀?"

Ó gbójú sókè. Mi ò tíì rí ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Bí èmi bá gbé e, èmi ni mo sin ín."

(Ẹ̀yin ará, mo mọ ìtumọ̀ orúkọ ọkùnrin yìí. Mo mọ ti ìyá rẹ̀. Ẹ má retí pé màá sọ ọ́ níhìn-ín.)

Lọ́dọ̀ Bàbá Éfúráímù

Bàbá Éfúráímù ni olórí ìjọ wọn, arúgbó tó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti gbọ́. Ó fún mi ní àga. Mo kọ àga, mo kúnlẹ̀. Èmi tí mi ò kúnlẹ̀ fún alábòójútó ẹ̀kọ́ rí.

Ó ní, "Inú kò bí wa sí yín, Tísà. Àlejò ní ojú, kò fi ríran."

Mo ní, "Bàbá, ẹ gbà mí. Kí ni a lè ṣe?"

Ó ní orúkọ tí a ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ sókè ti parí, kò ṣeé tún jẹ́. Bí Fọlákẹ́ yóò bá wà láàyè, àfi kó jẹ́ orúkọ mìíràn. Mo ní kó fún un nísinsìnyí. Ó mi orí. Ó ní òun kò lè ṣe é, ẹni tó pa ilẹ̀kùn dé ni yóò ṣí òmíràn. Ó ní orúkọ alààyè ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́, kí ó sì bọ́ lára ẹni tó ń fún un, kí ẹni náà má jẹ́ ẹ mọ́ títí ayé. 

Ó ní, "Ẹni tó ń fún un kò sì gbọdọ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, igbe ló jáde. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá Bàbá, mo ń ka orúkọ lọ́kàn, láti Jẹ́nẹ́sísì títí lọ. Mo mọ ti Hánà, mo mọ ti Ẹlisábẹ́tì, mo mọ ti Hádásà. Kódà àwọn tó wà nínú ìwé Kíróníkà, tí àwọn pásítọ̀ yín ń fò bí wọ́n bá ń kà á, mo mọ̀ wọ́n. Mo wá rí i pé ìmọ̀ lè di ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ni.

Ọmọdé kan sáré wọlé, ó ní ìyàwó Jótámù ti ń rọbí.

Yàrá ọlọ́mọ

Àwọn obìnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n wà ní orí òfìfo, kànìnkànìn tuntun wà lẹ́sẹ̀ wọn pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n ká dáadáa. Mo ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá gbẹ̀bí."  Fọlákẹ́ ló sọ fún mi, láti orí ẹní, láàárín ìrora: àwọn tó ń wẹ òkú ni wọ́n. Wọ́n wá dúró de iṣẹ́ wọn ni. Kò sí ẹlòmíràn tí yóò fọwọ́ kàn án.

Mo mú ọwọ́ rẹ̀. Ó tutù. Ojú rẹ̀ ti ń wo ibi tí mi ò rí.

Ó ní, "Àǹtí mi, tí ọmọ bá yè, ẹ bá mi gbé e lọ sí Òkè-Ṣọpẹ́n."

Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Orúkọ kan wà. Orúkọ tí bàbá wa sọ mí, èyí tí ẹ fi ń pè mí nínú ìjọ: Míríámù. Ẹ ó rántí pé bí wọ́n bá ń bi mí ní ìtumọ̀ ti ara mi níbi ìkómọ, mo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà, mo ń sọ ti ẹlòmíràn. Ìtìjú ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti jà lórí orúkọ yẹn títí, olúkúlùkù ní ohun tó rò. Ẹni tó kọ́ mi sọ fún wa ní kíláàsì pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú. Èmi tí mo ń túmọ̀ orúkọ gbogbo ayé, n kò mọ tèmi.

Mo ké sí Bàbá Éfúráímù. Wọ́n gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Kí ni ẹ fẹ́ fún un?"

Mo ní, "Orúkọ mi. Míríámù."

"Kí ni ó túmọ̀ sí?"

Ẹ̀yin ará mi, gbogbo ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti rò rí nípa orúkọ yẹn ló sáré wá sí iwájú ahọ́n mi. Wọ́n tò síbẹ̀. Bí mo bá sọ ọ̀kan ṣoṣo, bí mo bá tiẹ̀ ní "àwọn kan ní…", ó ti parí. Mo wo àwọn obìnrin tó ń wò mí, mo wo aṣọ funfun yẹn. Yorùbá ilé ìwé kúrò lẹ́nu mi. Ìjẹ̀bú ìyá mi ló jáde.

Mo ní, "Mée mọ̀."

Bàbá ní, "Tísà kò mọ̀?"

"Mée mọ̀, Bàbá. Mée mọ̀ ọ́n rí."

 Ẹ lè rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ṣòro fún mi láti sọ ju kí n fò sínú omi lọ.

Àwọn obìnrin náà gbé gèlè wọn, wọ́n sì wé e padà, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Ìyá Jótámù tẹ̀ síwájú. Ó kígbe pé, "Míríámù!"

Ẹnu mi là láti dáhùn. Ọgọ́ta ọdún ó lé ni mo ti ń dáhùn sí i. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Láti orí ẹní, lẹ́yìn mi, ohùn kan dáhùn, "Mà!" Kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀ mọ́ àbúrò mi. Ó jọ tèmi.

Àwọn tó ń wẹ òkú bá dìde, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè. Ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi gbẹ̀bí. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí ọmọ ké, obìnrin, ó pọ́n bí epo, ó ń bínú sí gbogbo wa. Aṣọ funfun yẹn ni wọ́n fi gbà á. Fọlákẹ́ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ebi ń pa òun.

Mo jáde, mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mo sunkún bí ọmọdé. Ọpẹ́ ni. Ẹ̀rù sì tún wà níbẹ̀, nítorí pé nígbà tí mo fẹ́ gbàdúrà, tí mo fẹ́ sọ fún Ọlọ́run pé èmi ni, mi ò mọ ẹni tí màá ní mo jẹ́.

Kí wọ́n tó kó ọmọ jáde

Mo wẹ ọmọ náà láràárọ̀. Jótámù mú pákó tó ti fá, ó fi kan àpótí kékeré, orí rẹ̀ ni mo ń jókòó sí bí mo bá ń fi omi gbígbóná ra ọmọ lára. Mi ò gbójú wo abẹ́ rẹ̀ rí, bóyá ó ti gbẹ́ lẹ́tà kankan sí i. Mo ń pe ọmọ náà ní "ìyá mi". Ìrísí ìyá wa ló gbé wá, pẹ̀lú iwájú orí gbọọrọ yẹn.

Ọjọ́ ìkómọ ń bọ̀. Mo ti ń ro aṣọ tí màá wọ̀. Bàbá Éfúráímù ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n jókòó sórí àga lọ́tẹ̀ yìí.

Ó ní, "Tísà, a fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n a ó fún ọmọ yìí ní orúkọ. Ẹ ó gbọ́ ọ, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Bàbá, màá pa ẹnu mi mọ́."

Ó ní, "Mo gbà pé ẹ ó pa á mọ́ lọ́dún yìí. Ẹ ó ha pa á mọ́ ní ọjọ́ ogbó? Bí ibà bá mú yín, tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lójú oorun?"

 Mo mọ ẹnu mi ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìkómọ ni mo lọ. Gbogbo abúlé sìn mí dé etí omi, wọ́n di ẹja gbígbẹ fún mi, wọ́n ń dárúkọ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń pè é padà fún wọn. Nígbà tó kan èmi láti dárúkọ mi, gbogbo wọn bojú wo omi. Àbúrò mi gbé ọmọ sí mi láyà, ó tún gbà á.

Ilé

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ìjọ, bí ẹ bá ń pe orúkọ tí ẹ ti ń pè mí láti àárọ̀ ọjọ́ tí mi ò sì dáhùn, kì í ṣe etí mi ló di. Ẹ máa pè mí ní Bọ́lánlé, orúkọ tí mo sọ ara mi lẹ́yìn tí mo padà dé. Bí ẹ bá ní ìwé kan nílé tó sọ ìtumọ̀ orúkọ ti tẹ́lẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má kà á sókè. Àbúrò mi ló ń jẹ́ ẹ nísinsìnyí. Ẹ má tún ránṣẹ́ pè mí fún ìkómọ mọ́ pẹ̀lú. Mo ń gbìyànjú láti gbàgbé ohun tí mo mọ̀, ó sì ń ṣòro.

Ẹ má ní mo ti gba ẹ̀sìn wọn gbọ́. Mi ò mọ ohun tí mo gbà gbọ́. Mo mọ ohun tí mo rí.

Fọlákẹ́ ń pè mí lórí fóònù lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń sọ fún mi pé ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín, pé ó ti ń jókòó. "Ọmọ" ni a jọ ń pè é. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, a ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọmọ ń ké lẹ́yìn, Jótámù sì gbàgbé ara rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń bọ̀ láti ìta, tó ń fi ẹ̀rín pe ọmọ rẹ̀. Ìró àkọ́kọ́ nínú orúkọ náà wọ̀ mí létí. Fún ẹlòmíràn, kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Mo pa fóònù kí ó tó parí rẹ̀. Mo dìde láàárín yàrá, èmi nìkan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sókè, orin èyíkéyìí tó bá ti wá sẹ́nu, kí orí mi má baà bá a parí orúkọ ọmọ àbúrò mi.